Ọ̀rinrin òjò àti kámẹ́rà onífíìmù ní Ìbàdàn

Ọmọ Mọ́kọlá: Ẹ̀yin àgbà ayàwòrán, láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń rí ohun funfun bí òwú aláǹtakùn nínú jíǹgí kámẹ́rà onífíìmù tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Àwòrán: Irú ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó bu ni. Ẹ tètè gbé e fún alátùn-únṣe, nítorí ó lè jẹ jíǹgí náà. Ẹ má fi kámẹ́rà sínú àpò aláwọ mọ́. Inú ike onídèérí tó dé dáadáa, pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tó ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà tuntun, ló yẹ ẹ́.

Ará Bódìjà: Òótọ́ ni, Mà. Bí ẹ bá sì yọ fíìmù kúrò nínú fíríìjì, ẹ má ṣí ike rẹ̀ fún bíi wákàtí 2 tàbí 3, kí ó má baà làágùn bí ìgò omi tútù.