Omi ń kán sórí ibùsùn nínú ọkọ̀ ìgbòkun wa, gọ́ọ̀mù ò ràn án

Atukọ̀ Gosport:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó ti sú mi. Lẹ́yìn Àjíǹde ni mo ra ọkọ̀ ìgbòkun onífáíbà kan, ẹsẹ̀ bàtà 28, ti 1979. Ẹni tó tà á fún mi búra pé omi kì í wọlé. Láti oṣù kẹsàn-án ni omi ti ń kán sórí ibùsùn apá òsì. Ìyàwó mi ní òun ò ní fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ mọ́ àfi tí mo bá ra tìmùtìmù tuntun. Owó èbúté ti lọ sókè, tìmùtìmù ti hu, àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ń fi mí ṣẹ̀sín pé ọmọ Ìlàjẹ tí omi ń lé kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi silicone yí ìdí òpó irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó wà lókè ibẹ̀ ká. Gọ́ọ̀mù olówó ńlá ni o! Kí ni kí n tún fi sí i?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ò tíì sọ èyí tó yẹ ká gbọ́. Ṣé fáíbà lásán ni dẹ́ẹ̀kì yín, ìyẹn ilẹ̀ òkè ọkọ̀, àbí fáíbà méjì tí wọ́n fi igi balsa sí láàárín? Bóòtù mélòó ló di òpó náà mú? Ṣé ẹ lè rí nọ́ọ̀tù rẹ̀ láti inú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi silicone kan ibẹ̀ mọ́. Ibi tó bá gbẹ sí, gọ́ọ̀mù mìíràn kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Silicone tuntun gan-an kì í lẹ̀ mọ́ àtijọ́ dáadáa.

Káfíńtà Ọkọ̀:
Kíkùn yíká yẹn, ẹ kàn ń tan ara yín ni. Gbogbo ẹni tó bá di òpó yẹn mú gun ọkọ̀ ló ń wọ́ ìdí rẹ̀ sókè. Gọ́ọ̀mù etí á là, omi á gba ẹ̀gbẹ́ bóòtù wọlé. Àfi kẹ́ ẹ tú u. Kí ẹnì kan di orí bóòtù mú lókè, kí ẹnì kejì fi sípánà tú nọ́ọ̀tù nísàlẹ̀. Ẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, ẹ fi sáńpépà 120 fá ibẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi acetone, omi ìfọ̀dọ̀tí, nù ún. Acetone nìkan kì í kó silicone tó ti gbẹ.

Ọmọ Èkó ní Poole:
Kí ni gbogbo wàhálà yìí? Ẹ ra gọ́ọ̀mù 3M 5200, ẹ fi lẹ̀ ẹ́, ó parí.

Káfíńtà Ọkọ̀:
Ó parí lóòótọ́. Lọ́jọ́ tí òpó bá tẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, awọ dẹ́ẹ̀kì ló máa bá a jáde. Ohun tí èèyàn ò ní tú mọ́ láé ni 5200 wà fún. Téèpù rọ́bà butyl ni tiwọn. Kì í gbẹ, ó ń fà bí àtè. Bí òpó bá mì, òun náà á bá a mì.

Ọmọ Èkó ní Poole:
Bẹntiróòlù ń yọ́ butyl, ẹ̀gbọ́n.

Káfíńtà Ọkọ̀:
Kí wọ́n má fi sí ẹnu táǹkì nìyẹn. Òpó kì í mu epo.

Atukọ̀ Gosport:
Ẹ ṣé o. Bóòtù mẹ́rin ni, mílímítà 6. Mo mọ ibi tí nọ́ọ̀tù wà, torí mo ti fi silicone bo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti inú lóṣù kọkànlá, omi sì dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èyí tó ń kán báyìí fi bí ẹsẹ̀ bàtà méjì jìnnà síbẹ̀, nítorí náà mi ò rò pé òpó yẹn ló fà á. Ọ̀rọ̀ tìmùtìmù ni mo tún ń rò.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ dúró ná. Ẹ dí i láti ìsàlẹ̀? Omi ò dáwọ́ dúró o, ẹ tì í mọ́lé ni! Ojú àbájáde lẹ dí, àbáwọlé ṣì là sílẹ̀. Inú igi àárín dẹ́ẹ̀kì ló ń gbà kó tó rí ibòmíì jáde. Àwọ̀ wo ni omi náà ní?

Atukọ̀ Gosport:
Bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Mo rò pé ìdọ̀tí àjà ni.

Ìyá Ìbejì:
Igi ló ń jẹrà. Ẹ fi ẹ̀yìn sukudiráfà oníke máa kan dẹ́ẹ̀kì díẹ̀díẹ̀ láti ìdí òpó lọ. Ibi tó dára á dún ko, ko. Ibi tó ti rà á dún bọ̀, bọ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i.

Atukọ̀ Gosport:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tibẹ̀ dé. Bọ̀ bọ̀ ni, ó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ. Ibi tó kù le.

Káfíńtà Ọkọ̀:
Ìyẹn ṣì ṣe é tún ṣe. Ẹ kọ́kọ́ ha silicone ìsàlẹ̀ kúrò lónìí kí omi rọ́nà jáde. Ẹ gé awọ fáíbà òkè níbi tẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sí, kí ayùn má kàn ju awọ náà lọ, kẹ́ ẹ sì tọ́jú awẹ́ tẹ́ ẹ bá gé. Ẹ wa igi dúdú jáde títí ẹ fi kan èyí tó funfun tó sì gbẹ. Ẹ ta tapólì bò ó, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Balsa tuntun àti epoxy, gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ tó ń le, ló máa wọlé, kẹ́ ẹ tó dá awọ padà, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ fáíbà so etí rẹ̀ pọ̀.

Ibi tí bóòtù máa gbà ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ fi bíìtì mílímítà 12 lu ihò, ẹ lẹ téèpù mọ́ ìsàlẹ̀. Tó bá jẹ́ epoxy West 105 àti 205 tó ń mú un le, òṣùwọ̀n márùn-ún sí ẹyọ kan ni. Ẹ kọ́kọ́ fi èyí tó ṣàn ra inú ihò kí igi mu ún, kẹ́ ẹ wá po ìyókù mọ́ ìyẹ̀fun 406 kó ki bíi bọ́tà ẹ̀pà, ẹ fi kún un. Tó bá le, ẹ fi bíìtì 6 lu àárín rẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, bí omi bá tiẹ̀ wọ ihò, epoxy ló máa bá, kò ní kan igi.

Ẹ fá etí ihò lókè díẹ̀ kí butyl ríbi jókòó sí. Ẹ wé butyl mọ́ ọrùn bóòtù, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ òpó. Nọ́ọ̀tù ni kẹ́ ẹ máa yí, ẹ má yí bóòtù, torí á ya butyl ọrùn rẹ̀. Ẹ fún un díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, títí kò fi tún yọ létí mọ́. Nísàlẹ̀, irin pẹlẹbẹ àti wọ́ṣà ńlá. Gọ́ọ̀mù kankan ò gbọdọ̀ débẹ̀.

Atukọ̀ Gosport:
Ẹ̀gbọ́n, òtútù ńkọ́? Ìwọ̀n 4 Celsius ni níbí láàárọ̀. Ṣé mo lè wakọ̀ jáde lọ́jọ́ Àìkú kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Káfíńtà Ọkọ̀:
Epoxy ò ní le dáadáa ní 4. Ẹ gbé hítà sábẹ́ tapólì tàbí kẹ́ ẹ dúró de oṣù kẹrin. Ẹ lè jáde lọ́jọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n ẹ so aṣọ pupa mọ́ òpó yẹn kí ẹnikẹ́ni má fara tì í.