Ta ni ọkùnrin tó jókòó lórí ère Abu Simbel yẹn?

Ọmọ Òkè-Àdó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ayàwòrán. Mo rí fọ́tò kan tí Maxime Du Camp, ará Faransé, yà ní Íjíbítì ní 1850. Ère Ramses Kejì, ọba Íjíbítì ayé àtijọ́, ní iwájú tẹ́ńpìlì Abu Simbel ni, iyanrìn ṣì bo púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹnì kan wá jókòó téńté sórí adé ère náà. Kí ló ń wá níbẹ̀? Kí ló sì dé tí ojú sánmà funfun báláú, tí kò sí ìkúukùu kankan?

Baba Fọ́tò: Àbúrò, Hadji Ismael lorúkọ rẹ̀, ará Núbíà, ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ tó gbé Du Camp àti Gustave Flaubert, òǹkọ̀wé ará Faransé, gba orí odò Náílì. Wọ́n ní kó gun ibẹ̀ kí ẹni tó bá wo fọ́tò lè mọ bí ère ṣe ga tó. Nǹkan bíi mítà 20 ni. Àmọ́ nígbà yẹn, ẹni tí wọ́n ń yà kò gbọdọ̀ mira fún bí ìṣẹ́jú méjì. Kí ni Du Camp ṣe? Ó sọ fún Ismael pé idẹ lẹ́ǹsì tó yọ síwájú kámẹ́rà yẹn, àgbá ni, bí Ismael bá fi lè mira pẹ́nrẹ́n, ọta á bà á. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹni ń ṣàwàdà. Kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Àbẹ̀kẹ́ Èkó: Nítorí fọ́tò! Abájọ tó fi jókòó jẹ́ẹ́.

Baba Fọ́tò: Ti sánmà, oògùn fọ́tò ayé ìgbà yẹn máa ń tètè gba àwọ̀ búlúù. Kí òkúta tó hàn dáadáa, sánmà ti dúdú kọjá ààlà lórí negatífù (àwòrán òdì tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò), funfun ló sì máa bọ́ sí lórí bébà.

Ẹni tó jìyà jù lójú tèmi ni Francis Frith, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó dé Íjíbítì ní 1856. Negatífù Du Camp, bébà ni. Ti Frith, gíláàsì, òmíràn tó íǹṣì 16 sí 20. Ó gbọ́dọ̀ da oògùn sí i lára, kó yà á, kó sì fọ̀ ọ́ kó tó gbẹ, nínú aṣálẹ̀! Ó ní collodion, oògùn olómi tó ń dà sí i yẹn, ń hó bó ṣe ń dà á sórí gíláàsì nínú àgọ́. Nígbà mìíràn, inú ibojì àtijọ́ ló ti ń fọ fọ́tò. Èmi tí òórùn háípò, oògùn ìfọtò, nìkan ń lé jáde ní yàrá ìfọtò ọ̀gá mi ní Mushin, mi ò lè dán an wò.

Ọmọ Òkè-Àdó: Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ṣé èèyàn ṣì lè lọ dúró síbi tí Du Camp gbé kámẹ́rà sí?

Baba Fọ́tò: Rárá o. Láàárín 1964 sí 1968 ni wọ́n gé tẹ́ńpìlì náà sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n tò ó padà sókè, nítorí ìdídò Aswan. Omi ti bo ibẹ̀. Wá Ismael nínú àwọn fọ́tò yòókù, ó pọ̀ níbẹ̀.