Aláṣiṣẹ́ kọ́: ọ̀rọ̀ lórí "ń" kékeré kan

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa kan mú un wá lánàá pé ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní functional, ìyẹn nípa ẹ̀rọ tàbí irinṣẹ́ tí kò bàjẹ́, kí á máa pè é ní "aláṣiṣẹ́". Wọ́n ní kí àwọn tó ń ta ọjà tòkunbọ̀ máa kọ ọ́ sára ọjà wọn: amúnáwá aláṣiṣẹ́, fìríìjì aláṣiṣẹ́. Mo rí i pé àwọn mẹ́ta ti kan sáárá sí wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, wọ́n jù mí lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò gba ẹnu mi, mi ò sì lè dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo "alá" yẹn ná. "Oní" ló ń di "alá" nígbà tó bá pàdé ọ̀rọ̀ tó fi "a" bẹ̀rẹ̀: oní aṣọ, aláṣọ, oní agbára, alágbára. A jẹ́ pé aláṣiṣẹ́ ni ẹni tó ni aṣiṣẹ́. Ta wá ni aṣiṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ṣé ẹ̀rọ ni, àbí ẹlòmíràn tí ẹ̀rọ gbà síṣẹ́?

Àbúrò wa tó fèsì pé kí á yọ "al" kúrò, kó ku "aṣiṣẹ́", sún mọ́ ọ̀nà díẹ̀. Ṣùgbọ́n "a" bẹ́ẹ̀ máa ń sọ ohun tí nǹkan jẹ́ ni, kì í sọ ipò tó wà lónìí. Akọrin tó ń sùn, akọrin ni. Apẹja tí kò rí ẹja kan pa láti ìjẹta, apẹja ni. Amúnáwá tó ti dákẹ́ láti ọdún méjì, tí adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀, amúnáwá la ṣì ń pè é. Ẹni tó fẹ́ rà á kò béèrè irú ohun tó jẹ́, ojú rẹ̀ ti rí i. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó ń ṣiṣẹ́ nísinsìnyí.

"Ń" yẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ ìwé yìí. Ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ ti ṣe tirẹ̀ tán, bóyá lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́, "ń" á kúrò ńlẹ̀, "mọ́" á dé: kò ṣiṣẹ́ mọ́. "Mọ́" yẹn ti sọ fún yín pé ó ṣe é rí kó tó bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wo la fẹ́ fi rọ́pò gbogbo èyí?

Ìyá mi ní ẹ̀rọ ìlọta lẹ́bàá ọ̀nà ní Abẹ́òkúta, kí Ọlọ́run bá mi tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Láti òdìkejì títì làwọn oníbàárà ti máa ń béèrè, abọ́ ata lórí wọn: "Ìyá, ṣé ẹ̀rọ ń lọ?" Ohùn àárín ló wà lórí "lọ" yẹn. Àwọn ìgbà kan wà tí ìyá mi á dáhùn pé, "Ó ń lọ, àmọ́ kò lọ̀ ọ́ kúnná mọ́." Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí "lọ̀" kejì, ti ata lílọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń dún, bẹ́líìtì ń yí, ṣùgbọ́n irin inú rẹ̀ ti dán, kóró ata ń jáde lódindi. Àmì ohùn kan ló wà láàárín ẹ̀rọ tó ń lọ àti ẹ̀rọ tó ń lọ̀. (Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ohùn àárín ló wà nínú "lọ ata". Ata tó tẹ̀ lé e ló gbé e sókè, bí "rà" ṣe ń di "ra aṣọ".) Oníbàárà á gbọ́ èsì yẹn, á sì mọ̀ bóyá kí òun kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ẹ sọ pé "aláṣiṣẹ́" fún un, kí ló gbọ́?

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé àwọn tó ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún èyí kò gbọ́ bí àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí ohun kọ̀ọ̀kan wá ṣe ni wọ́n fi ń béèrè rẹ̀. Aago ń rìn. Bó bá dúró, ó kú. Iná ń tàn. Rédíò ń fọhùn. Omi ẹ̀rọ ń yọ. Ọ̀bẹ mú. Oògùn ń jẹ́, bí kò bá sì jẹ́, wọ́n á ní ewé kan ló kù.

Ẹlòmíràn dábàá "ẹ̀rọ ṣíṣiṣẹ́". Ẹja yíyan, ẹnìkan ló yan ẹja. Iṣu sísun, ẹnìkan ló sun iṣu. Ta ló ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ? Ọ̀rọ̀ náà ti gbé "iṣẹ́" mì, kò sí àyè fún ẹ̀rọ níbẹ̀ mọ́.

Ní ti ẹni tó ní òun ti kọ́ni ní èdè fún ọgbọ̀n ọdún, tó sì ń kọ "òṣiṣẹ́" nítorí pé "ṣiṣẹ́" ní ohùn àárín: mo kí yín fún ọgbọ̀n ọdún náà, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ni. Ṣeré ló di òṣèré, mutí ló di ọ̀mùtí. "Ò" tàbí "ọ̀" iwájú ló fa ohùn wálẹ̀. "A" kì í fà á: kọrin, akọrin. Mi ò ní yí padà lórí èyí.

Mi ò lòdì sí ọ̀rọ̀ tuntun o. Ọdún 1935 ni wọ́n ti ń fi wáyà gbé rédíò wọ ilé àwọn èèyàn l'Ékòó, àwọn tó ń gbọ́ ọ ni mo gbà pé wọ́n sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Tẹlifíṣọ̀n dé Ìbàdàn lọ́dún 1959, a rí amóhùnmáwòrán. Tòkunbọ̀ fúnra rẹ̀, orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ni, kí àwọn ọlọ́jà tó gbé e fún mọ́tò àti fìríìjì. Ẹni tó gbọ́ ọ kò nílò àlàyé.

Ibi tó ti rú mi lójú ni fóònù. Mo ra tòkunbọ̀ kan lóṣù tó kọjá. Ó ń tàn, ó ń dún, ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá pè kì í gbóhùn mi. Ẹni tó tà á fún mi búra pé ó ń ṣiṣẹ́, mo sì gbà á gbọ́ torí pé ó ń tàn lójú mi. Ìṣe wo gan-an ni ti fóònù, bí rírìn ṣe jẹ́ ti aago? Ẹ̀yin tí ẹ ń tún un ṣe ní Ìkẹjà, kí lẹ máa ń sọ láàárín ara yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i.