Bàbá mi ṣubú lẹ́ẹ̀kan, wọn ò fẹ́ rìn mọ́. Kí lẹ ṣe sí tiyín?

Àbíkẹ́: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó. Ẹni ọdún 78 ni bàbá mi. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Egungun ò ṣẹ́, ọpẹ́ ni. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, orí àga ni ilẹ̀ ń ṣú bá wọn. Bí mo bá ní ká jáde, wọ́n á ní, "Fi mí sílẹ̀, mi ò fẹ́ ṣubú mọ́." Kí lẹ ṣe?

Ọmọ Tísà: Ìbẹ̀rù yẹn gan-an ló ń gbé wọn ṣubú lẹ́ẹ̀kejì, torí ẹsẹ̀ tí a ò lò á máa rọ ni. Àwa ọmọ la ba ti ìyá mi jẹ́. Ẹ jókòó mà, ẹ má ṣe wàhálà, ẹ jẹ́ ká bá yín gbé e. A rò pé ìtọ́jú là ń ṣe. Nígbà tó yá, wọn ò lè dìde mọ́ àfi kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ti àga. Ẹ wo ọwọ́ bàbá yín bí wọ́n bá ń dìde.

Àbíkẹ́: Ọwọ́ méjèèjì ni. Mi ò fọkàn sí i rí.

Àkàndé: Ẹ jẹ́ kí àgbà sinmi o jàre. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ láti kékeré!

Ọmọ Tísà: Ẹ̀gbọ́n, ìsinmi yàtọ̀ sí ìjókòó.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2020 ni pé kí ẹni tó ti pé ọdún 65 máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú èémí yára díẹ̀, bí ìrìn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kó fi ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe èyí tó ń fún ẹsẹ̀ lágbára tí kì í jẹ́ kéèyàn ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ìrìn nìkan ò tó. Kí wọ́n máa dìde, kí wọ́n máa jókòó lórí àga. Kí wọ́n dúró lẹ́sẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí kì í mì. Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo oògùn wọn lọ fi han dókítà. Ti oorun àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú kí òòyì kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde.

Adùnní: Oògùn oorun ló gbé ìyá àgbà tèmi ṣubú. Òru ni, wọ́n ń lọ tọ̀.

Àrẹ̀mọ: Ti ìyá mi náà nìyẹn! Òru náà ni.

Àkàndé: Ìrìn ò tó kẹ̀? Ojoojúmọ́ ni bàbá tèmi ń rìn, ẹni ọdún 81.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Inú mi dùn sí i. Ẹ dúró tì wọ́n, kí wọ́n dúró lẹ́sẹ̀ kan ká wò ó.

Àrẹ̀mọ: Ẹ ra ọ̀pá fún bàbá, Àbíkẹ́.

Adùnní: Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ìyá mi gbé tiwọn pamọ́ sí. Wọ́n ní ọ̀pá ló ń sọni di arúgbó.

Ọmọ Tísà: Bóyá ó gùn jù. Bí wọ́n bá sọ ọwọ́ sílẹ̀, orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ ṣe déédéé ọrùn ọwọ́ wọn.

Ìyá Ìbejì: Àbíkẹ́, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù gan-an. Kì í ṣe ìṣubú ni ti bàbá mi. Wákàtí méjì ni wọ́n fi wà nílẹ̀ kí n tó dé, òun ni wọn ò lè gbàgbé. A wá kọ́ bí wọ́n á ṣe máa dìde: kí wọ́n yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n fi ọwọ́ àti orúnkún rá dé ìdí àga, kí wọ́n dì í mú. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbé ìkòkò òdòdó kan sí ojú fèrèsé, mo ní kí wọ́n bá mi máa bomi rin ín. Mi ò dárúkọ eré ìdárayá. Ìkòkò méje ti wà káàkiri ilé báyìí. Ọjọ́ tí ọ̀kan rọ, wọ́n pè mí níbi iṣẹ́, inú ń bí wọn.

Àkàndé: Bàbá dúró lẹ́sẹ̀ kan. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì, ẹ tún ti àga yẹn sọ fún mi.

Àbíkẹ́: Mo ti gbé ìkòkò kan síbẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni láti ìdí àga. Wọ́n ń wò ó.