Kì í ṣe àṣírí: ẹ jẹ́ ká pè é ní ẹ̀tọ́ àgò

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń tú ìwé òfin sí Yorùbá béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí la óò máa pe ohun tí abala 37 nínú òfin Nàìjíríà ti 1999 fi dáàbò bo ilé wa, ìwé tí a kọ síra wa àti ọ̀rọ̀ tí a bára wa sọ lórí fóònù, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "privacy". Àwọn mélòó kan dáhùn pé "ẹ̀tọ́ sí àṣírí" ti tó. Ẹnì kan mú "ìyẹ̀wù" wá. Mi ò fara mọ́ "àṣírí", ọ̀rọ̀ náà sì ká mi lára, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ẹ wo ibi tí àṣírí ti ń jáde lẹ́nu wa. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí àṣírí wa tú." "Ó bò mí láṣìírí" là ń wí nípa ẹni tó fún wa lówó lọ́jọ́ tí kò sí oúnjẹ nílé. "Àṣírí olè tú." Ìtìjú, àìní tàbí ìwà ibi ló sábà ń wà nídìí rẹ̀. Bí a bá fi í ṣe orúkọ ẹ̀tọ́, ẹni tó bá béèrè ẹ̀tọ́ náà ti di afurasí kó tó parí gbólóhùn. Wọ́n á ní: bí o ò bá ṣe nǹkan kan, kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?

Ó ṣojú mi. Aládùúgbò mi kan, ìyá tó ń ta aṣọ òkìrìkà, yá owó lórí áàpù kan. Ọjọ́ tó yẹ kó san án pé, kò rí i san. Kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù ìyá yìí ti gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé olè ni. Èmi gbà á, àlùfáà ìjọ rẹ̀ gbà á, títí kan ẹni tó ń bá a tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Kí làwọn èèyàn sọ ládùúgbò? "Àṣírí ẹ̀ ti tú." Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe gbé ẹ̀bi ka ìyá náà lórí? Kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ló ní kí áàpù wọnú àkójọ nọ́ńbà onínọ́ńbà. Gbèsè yẹn ò sì kúkú jẹ́ àṣírí, òun fúnra rẹ̀ ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti yan ẹni tí òun á sọ fún ni wọ́n jí.

"Ìyẹ̀wù" sàn díẹ̀, àmọ́ ibì kan nínú ilé ni ìyẹ̀wù, ohun tí à ń jà fún sì ti kúrò nílé wa tipẹ́, ó wà nínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíì lókè òkun.

Àgò ni èmi mú wá. Ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá onílé, á ké pé "Àgò onílé o!" Á dúró. Bí wọ́n bá dáhùn pé "Àgò yà o", ó wọlé. Bí wọn ò bá dáhùn, ó padà. A kì í bi onílé pé kí ló ń ṣe nínú ilé tí a fi gbọ́dọ̀ ké àgò. Ó lè máa gúnyán, ó lè máa sùn. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil mú un dání lọ: nínú Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà wọn níbẹ̀, títí dòní, "agô" ni wọ́n fi ń tọrọ àyè. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé "ẹ̀tọ́ àgò".

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní: ṣé kì í ṣe àgò kan náà ló wà nínú "ẹ yàgò lọ́nà"? Òun ni, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ń lọ. Nínú "àgò onílé", ẹni tó wà níta ló ń tọrọ. Nínú "ẹ yàgò", alágbára ló ń bọ̀, onílé ló máa sún. Ní oṣù Kìíní 2021, WhatsApp gbé ìlànà tuntun jáde nípa bí òun àti Facebook tó ni ín á ṣe máa lo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa wa: ẹni tí kò bá gbà, kó má lò ó mọ́. Ọjọ́ 8 oṣù Kejì ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Ariwo ayé ló jẹ́ kí wọ́n sún un sí ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún. Ìlànà tí wọ́n kọ fún àwọn ará Yúróòpù yàtọ̀ sí tiwa, torí òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 2018 ń ṣọ́nà fún wọn. FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní Nàìjíríà, fi oṣù 38 wádìí ọ̀rọ̀ náà, ó sì bu ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, orúkọ tuntun tí ilé iṣẹ́ Facebook ń jẹ́, ní oṣù Keje 2024. Ìgbìmọ̀ tó ń gbẹ́jọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹrin 2025. Ó wà lára ẹ̀sùn náà pé wọ́n fojú ọ̀tọ̀ wo ọmọ Nàìjíríà, pé wọ́n sì ń fi ìjẹgàba wọn lọ́jà rẹ́ni jẹ. "Ìjẹgàba" bá a mu gan-an, ẹ jẹ́ ká dì í mú. Ẹbí, ẹgbẹ́ alájọ, òbí ọmọ ilé ìwé, gbogbo wọn ló wà lórí WhatsApp. Níbo lẹni tó bá kọ̀ fẹ́ gbà? Ẹ yàgò nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí bọ́tìnnì "Mo gbà" fi ń bí mi nínú. Kí ni mo gbà? Ọwọ́ mi ni wọ́n ti gbà á. "Mo yọ̀ǹda" ni kí wọ́n kọ síbẹ̀. Ohun tó jẹ́ tiwa là ń yọ̀ǹda, ẹni tó bá bẹ̀ wá là ń yọ̀ǹda rẹ̀ fún, a sì lè sọ lọ́la pé ó tó gẹ́ẹ́. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 pàápàá gbà pé èèyàn lè fa ìyọ̀ǹda rẹ̀ sẹ́yìn.

Ó ku "dátà". Mo pe orúkọ òfin 2023 yẹn, "Òfin Ìdáàbòbò Dátà", fún ìyá kan tó ń ta ọsàn. Ó ní ṣé wọ́n á dá èyí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ padà ni. Kò jẹ̀bi; lẹ́nu wa, dátà ti di ohun tí à ń rà, tó sì ń tán. "Ìwífún" kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí "wí fún" ló wà nínú rẹ̀, mi ò sì wí fún fóònù mi rí pé aago báyìí ni mo sùn. "Àkọsílẹ̀ ẹni" dára fún NIN àti BVN. Èyí tí fóònù ń ṣà fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní "ipasẹ̀" bíi tàwọn ọdẹ: ẹran kì í sọ ibi tó gbà fún ọdẹ.

Bí abala 37 ṣe rí lọ́wọ́ mi nìyí: "Gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ló ní ẹ̀tọ́ àgò lórí ara wọn, lórí ilé wọn, lórí ìwé tí wọ́n kọ àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ẹlòmíì sọ lórí fóònù." Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kà á sókè fún ẹnì kan tí kò ka ìwé òfin rí, kẹ́ ẹ wá kọ ohun tó bá fi dá yín lóhùn síbí.