Kọ̀ǹpútà géèmù àkọ́kọ́ mi: kí ni kí n kọ́kọ́ ná owó lé lórí?

Ọmọ Ìbarà béèrè:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Ọdún méjì ni mo fi tọ́jú 600,000 náírà, mo sì fẹ́ fi to kọ̀ǹpútà orí tábìlì àkọ́kọ́ mi, èyí tí màá máa fi gbá géèmù Valorant àti GTA V, tí màá sì tún máa fi ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé. Mo ti ní monitor 1080p, keyboard àti mouse, nítorí náà ohun tó wà nínú àpótí nìkan ni mo fẹ́ fi owó yìí rà. Ẹnìkan tó ń ta kọ̀ǹpútà ní Òkè-Ìlẹ̀wó l'Abẹ́òkúta fi Dell OptiPlex tòkunbọ̀ pẹlẹbẹ kan hàn mí, tí processor rẹ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) jẹ́ Core i5 ìran kẹrin, ó ní kí n kàn ra graphics card (káàdì tó ń gbé àwòrán sójú monitor) kún un. Ọ̀rẹ́ mi ní tirẹ̀ ní processor Core i3-12100F àti graphics card RX 580 tòkunbọ̀ ni kí n rà. Iná àdúgbò wa kì í dúró, inverter bàbá mi tó ní bátìrì kan ṣoṣo la sì fi ń gbé e. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó gbé owó lọ sí Computer Village n'Ìkẹjà.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Sápọ́n fèsì:

Àbúrò, inú mi dùn pé o béèrè kí owó tó kúrò lápò rẹ. Má ra OptiPlex yẹn fún géèmù. Ó dára fún iṣẹ́ ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n irú àpótí pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ kì í gba ju káàdì kúkurú lọ, power supply rẹ̀ (ohun tó ń pín iná fún gbogbo inú àpótí) kò lágbára, kò sì sí bí o ṣe lè fi èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà pààrọ̀ rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, Windows 11 kò gba Core i5 ìran kẹrin wọlé, bẹ́ẹ̀ Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025.

Bó bá jẹ́ èmi, processor Ryzen 5 5600G ni màá rà. Core mẹ́fà ló ní, graphics sì wà nínú òun fúnra rẹ̀, tí o kò fi ní nílò káàdì lónìí. Bí o bá rẹ ìdára àwòrán sílẹ̀ díẹ̀, yóò gbé géèmù méjèèjì tí o dárúkọ. RAM, ìyẹn ibi ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ni graphics inú rẹ̀ ń yá lò, ìdí nìyẹn tí o fi gbọ́dọ̀ ra RAM 8GB méjì dípò 16GB ẹyọ kan, kí ọ̀nà méjì lè ṣí sílẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti yọ ẹyọ RAM kan kúrò lára irú kọ̀ǹpútà yìí rí. Nígbà tí mo tún tàn án, géèmù tó ń sáré geere tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀. Bí o bá rí motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń so mọ́) B450, jẹ́ kí olùtajà tan án lójú rẹ, nítorí 2018 ni B450 jáde, 2021 ni 5600G dé, èyí tó bá sì ti pẹ́ lórí àtẹ lè má dá processor náà mọ̀ àfi tí wọ́n bá sọ BIOS rẹ̀ (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà) di tuntun.

Power supply ni mo fẹ́ kí o fetí sí jù. Oníbàárà kan gbé tirẹ̀ wá bá mi, 500W ni wọ́n kọ gàdàgbà sí i lára, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí agolo mílíìkì òfìfo. Mo nu eruku ara ìwé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo wo ibi tí wọ́n kọ +12V sí, mo rí 16A. Ìlọ́po 12 àti 16 jẹ́ 192, ìyẹn ni pé 192W péré ló lè gbé fún processor àti káàdì pa pọ̀. Ó ti jó, ó sì ti ba motherboard jẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Ará Láfẹ́nwá fèsì:

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa lórí power supply kò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n bí ìwọ bá fi káàdì kún 5600G lọ́jọ́ iwájú, kò ní sáré tó Ryzen 5 5600 lásán, nítorí 16MB ni cache L3 rẹ̀ (ìrántí kékeré inú processor), ti 5600 sì jẹ́ 32MB. Mo fara mọ́ i3-12100F ti ọ̀rẹ́ rẹ, àmọ́ n kò fara mọ́ RX 580. Iná 185W ni wọ́n ṣírò fún RX 580, 132W ni ti káàdì mìíràn, RX 6600, èyí kejì yìí ló sì yára jù. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, má sanwó àfi tí géèmù bá ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún ìdajì wákàtí lójú rẹ. Mọ̀ pẹ̀lú pé lẹ́tà F yẹn túmọ̀ sí pé processor náà kò ní graphics: ọjọ́ tí káàdì bá kú, o kò ní rí nǹkan kan lójú monitor.

Ìyá Ìbejì fèsì:

Ọmọ mi, èmi ni mo ń sanwó iná kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ mi, ìṣirò rẹ̀ wà lórí mi. Bátìrì 12V tó jẹ́ 200Ah ní 2,400Wh, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èyí tó ń mu omi, ìdajì rẹ̀ ni kí o máa lò kí ó má baà tètè kú. Kọ̀ǹpútà tó ní RX 580 àti monitor rẹ̀, tó bá ń jẹ 300W, kò ní lò ju wákàtí mẹ́rin lọ lórí 1,200Wh yẹn, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá tan fáànù. 5600G àti monitor tí kò bá ju 120W lọ yóò lò ju wákàtí mẹ́jọ. Bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ kí o tó rajà.

Ọmọ Ìbarà fèsì:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ìyá mi. Ẹyọ bátìrì tí a ní ti bá mi dá a: 5600G ni màá rà, pẹ̀lú RAM méjì, SSD (ibi ìfipamọ́) 1TB bí owó bá ká a, àti power supply 550W tó ṣeé fọkàn tán, kí káàdì lè bá ààyè níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Màá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Agége lọ́jọ́ Sátidé, kí n sì ti ibẹ̀ lọ sí Computer Village. Ẹ̀gbọ́n mi ti Sápọ́n, màá ya ìwé ẹ̀gbẹ́ power supply náà sí ibí yìí kí n tó sanwó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka iye tó wà níwájú +12V.