Dín, gé, ṣọ́wó ná: èwo ni ká lò nínú Gẹ̀ẹ́sì?

Akọ̀wé Lugbe: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mẹ́mò lórí bí a ṣe máa dín ìnáwó ọ́fíìsì kù ni mo ń kọ, "reduce" sì ti wọ ibẹ̀ nígbà mọ́kànlá. Kí ni mo lè fi rọ́pò rẹ̀? Ẹ̀ẹ̀kejì: ṣé ọ̀kan náà ni "thrifty", "frugal", "economical" àti "stingy"? Àpẹẹrẹ ni mo fẹ́ o, mo ti wo díṣọ́nárì.

Ìyá Olùkọ́ Kubwa: Kí ẹ tó wá ọ̀rọ̀ míì, ẹ wo bí ẹ ṣe lo "reduce" náà. À ń sọ pé "owó ìrẹsì ti dínkù", à ń sọ pé "ó dín owó ìrẹsì kù". Dín kan náà ló ń ṣiṣẹ́ méjèèjì, ibẹ̀ la sì ti ń gbé "the price has reduced" wá. Nínú Gẹ̀ẹ́sì orí ìwé, ẹnìkan ló sábà máa ń "reduce" nǹkan: "the trader has reduced the price". Bí ẹ ò bá ní dárúkọ ẹni tó dín in, ẹ kọ "has fallen", "has come down" tàbí "has decreased". "You have reduced" tí a fi ń kí ẹni tó rù, "you have lost weight" ni.

Èyí tó ń ba mẹ́mò jẹ́ jù ni "by" àti "to". Ká ní mudu ìrẹsì kúrò ní ₦3,000, ó di ₦2,500: "from ₦3,000 to ₦2,500" ni, tàbí "by ₦500". Ẹni tó bá kọ "reduced to ₦500" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ta ìrẹsì náà lọ́fẹ̀ẹ́. Bákan náà, "a reduction in price" ń sọ ohun tó dínkù, "a reduction of ₦500" ń sọ iye tó fi dínkù.

"Cut down on diesel": ẹ má gbàgbé "on". "Cut down the trees" ti di gígé igi lulẹ̀. "Cut back" àti "economise" náà ń fẹ́ "on" yẹn.

Ní ti mẹ́mò: "trim" bó bá jẹ́ etí rẹ̀ lẹ fẹ́ gé díẹ̀. "Slash" ni kí wọ́n gé e bọ́ọ́lẹ̀ lójijì. Ọ̀rọ̀ oníwèé ìròyìn ni, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. "Curtail" wà fún ohun tí ẹ fẹ́ ké kúrú, bí ìrìnàjò. "Scale down" fún ètò: ayẹyẹ èèyàn 300 tó wá di ti 80. Bó bá kan òṣìṣẹ́, ẹ rọra. Ẹni tí wọ́n "retrench" ò ṣẹ̀. Ẹni tí wọ́n "dismiss" la máa ń bi pé kí ló ṣe.

Alájọ Nyanya: Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè kejì. Yorùbá ti ní "thrift" tiwa: alájẹṣẹ́kù, ẹni tó jẹ tó tún ṣẹ́kù. Ìdí nìyẹn tí "Thrift and Credit" fi máa ń wà lára pátákó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Gbòǹgbò kan náà ni "thrift" àti "thrive" ti wá, torí náà ìyìn ni "thrifty": ó mọ owó ná, owó rẹ̀ sì ń gbèrú. "Frugal" náà kì í ṣe èébú, àmọ́ ẹni tí díẹ̀ tẹ́ lọ́rùn ni. "A frugal meal", ẹ má retí ẹran níbẹ̀. "Economical" jẹ́ ti ọkọ̀ tí kì í mu epo púpọ̀. Ẹ má kọ "economic car", ti ọrọ̀ ajé ni "economic".

"Stingy", "miserly", "tight-fisted": ahun ni gbogbo wọn, èyí tó gbẹ̀yìn sì jọ háwọ́ wa gan-an. "Cheap" dára fún ọjà, èébú ni fún èèyàn. Ẹ tún ṣọ́ "economical with the truth" o, ó fi òótọ́ kan pamọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká ní 1986, nígbà tí Robert Armstrong, òṣìṣẹ́ àgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lò ó nílé ẹjọ́ ní Australia.

Àti pé lórí Instagram báyìí, "thrift" ti di gwanjo, aṣọ àlòkù. Bí ẹ bá kọ ọ́ nìkan sínú mẹ́mò, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ á ní bósìkọ́nà lẹ fẹ́ rà.

Télọ̀ Kaduna: Ti aṣọ kù. Ìdí ṣòkòtò tó bá fẹ̀ jù, "take in" la fi ń dín in. Ká tú u fẹ̀ ni "let out". Gígùn rẹ̀ ni "shorten" tàbí "take up". Ẹ kọ íǹṣì sí i: "take in the waist by 1½ inches". Bí ẹ bá kọ "reduce it" lásán, gígùn ni wọ́n lè lọ gé, aṣọ tí a ti gé ò sì ṣeé dá padà. Ti onígbàjámọ̀ ńkọ́? "Low-cut" wa yìí, aṣọ obìnrin tí ọrùn rẹ̀ ṣí àyà sílẹ̀ ni lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Akọ̀wé Lugbe: Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ bá mi wo èyí: "We will cut down diesel from 200 litres by 150 litres every week."

Ìyá Olùkọ́ Kubwa: Lítà 50 lẹ kù sí yẹn o! Ṣé 150 ló yẹ kó kù? "We will cut our diesel from 200 litres to 150 litres a week." Ẹ yọ "down" kúrò.